Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Ń Wò Létí Yàrà

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná rẹ̀ kò tíì dá tán nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò líle mọ́. Ó kàn ń kán wẹ́wẹ́ bí omi tó ń jò lára aṣọ tí a kò fún dáadáa. Kùrukùru ti bo gbogbo ọ̀nà odò. Igi àgbọn tó wà níwájú ilé wa, orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, bíi pé ẹnìkan gbé e kọ́ sójú ọ̀run. Ilẹ̀ rọ̀ débi pé ẹsẹ̀ adìẹ ń rì. Mo wo ilẹ̀ yẹn títí, mo mí kanlẹ̀, mo sì lọ dáná. Ilẹ̀ kì í gbẹ nítorí pé ènìyàn ń wò ó.

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ gbígbá ààfin àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ìlú ọkọ mi tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì yìí, tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Okitipupa ń gbà kọjá, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n wà látilẹ̀wá. Inú igbó ni wọ́n ń gbé, ìrìn òwúrọ̀ kan sí ibi tí a wà báyìí. Ibẹ̀ ni ọba wọn kọ́ ààfin sí nígbà tí ogun ṣì ń jà kiri. Wọ́n mọ ògiri amọ̀ yí i ká, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sẹ́yìn ògiri. Ibi tó jìn nínú yàrà yẹn, bí ọkùnrin bá dúró sí ìsàlẹ̀ tí ẹlòmíràn gun èjìká rẹ̀, orí ẹni kejì lè má yọ. Igbó tó tún yí yàrà ká, igbó ọba ni. Ẹnikẹ́ni kì í gé igi níbẹ̀, a kì í sì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí títì dé, tí gbogbo ayé ń sá tọ títì lọ, àwọn náà kó ẹrù wọn, wọ́n fi ààfin sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu, gbogbo ìlú á gbé ìgbálẹ̀, wọ́n á padà lọ gbá a. Ìyẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, ìyẹn obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀. Òun ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ kí ẹlòmíràn tó ràn án lọ́wọ́. Ìyẹ̀wù tí olówó rẹ̀ kò bá wá gbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á gbin pèrègún sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Igbó ti gbà á nìyẹn, a kì í ṣí i mọ́. Òfin kejì sì wà. Ọmọ ààfin, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń kọjá yàrà. Ọmọ ààfin tí wọ́n bá gbé kọjá, òkú ni tàbí ẹrú ogun. Àwa ìyàwó ilé ní tiwa, òfin yẹn kò kàn wá. Bó bá wù wá, wọ́n lè pọ̀n wá.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ ààfin ni. Aya ọba ni ìyá tó bí i, ọmọ kékeré sì ni nígbà tí wọ́n kó wá sí ẹ̀bá títì. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tí wọ́n bí sínú ìyẹ̀wù ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ilé wọn láti Igbotako, obìnrin tó le koko ni. Ẹkù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹkù, kòtò gbọọrọ kan ni tí a fi òkúta tẹ́ nínú. A ó da ẹyìn tí a ti sè sínú rẹ̀, a ó wọ inú rẹ̀, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi bọ́ lára èkùrọ́. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò tíì rí i láyé mi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ọparun kan sókè, ní ọ̀gangan àyà, tí a ń dì mú bí a ṣe ń tẹ̀. Ìyá ló kọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó, má gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń lọ ọjà. Wọ́ ọ." Mo wọ́ ọ. Mi ò ṣubú rí.

Òun ló wá ṣubú, kì í ṣe nínú ẹkù, odò tí a ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí ni. Orúnkún rẹ̀ wú, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ gbá ààfin lẹ́yìn ìyẹn, kò lè lọ. Ọdún kejì, kò lè lọ. Ọdún tí mò ń sọ yìí ló di ẹ̀kẹta. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, ogun abẹ́lé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ṣe káfíńtà. Ó kan àga kan fún un, ó fi ọparun gígùn méjì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e. Ó kun àga náà ní àwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni tó ra mọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo wọlé tọ Ìyá lọ, ó ti múra, ó ti jókòó sétí ibùsùn, ìgbálẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Ìyàwó, òjò ńkọ́?"

"Ó ń dá, Ìyá."

"Irọ́ ni. Etí mi ṣì ń gbọ́ran. Wá bá mi wé orúnkún yìí."

"Ibẹ̀ á máa yọ̀ lónìí o, Ìyá."

"Ṣé epo kì í yọ̀ ni?"

Mo wé aṣọ mọ́ orúnkún rẹ̀, kò le jù, kò rọ̀ jù. Ibi tí mo ti ń wé e lọ́wọ́ ni Ìyá Kékeré, orogún rẹ̀, ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ti sin ọkọ wọn, wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò sinmi lára ara wọn rí.

"Ìyáálé mi, ẹ kú ìmúra o! Mo rí mọ́tò yín níta. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní fèrè!"

Ìyá ní, "Ìwọ ló máa tì í."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yìn tí mo fi pọn ọmọ yín ti tẹ̀. Wọ́n á gbé yín bí àpò gàrí, ẹ ó dé ibẹ̀ láìjò."

"Etí yàrà ni wọ́n ń gbé mi dé. Ibẹ̀ ni màá ti sọ̀."

Ìyá Kékeré wo orúnkún rẹ̀, ó sì bá mi di etí aṣọ náà mú. Kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Nígbà tí a jáde, ọkọ mi ti gbé igbà rẹ̀ kọ́ èjìká, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. Kò sí ibi tí kì í gbé e lọ. Àbúrò rẹ̀ bi í bóyá ààfin ló fẹ́ gùn. Ó ní okùn kì í pọ̀ jù fún ẹlẹ́rù. Mo di púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, tí mo ti họ èéfín ara rẹ̀ kúrò kí n tó rò ó, mo di ẹja gbígbẹ, mo gbé e rù, a sì gbéra.

Mo ti lọ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí igbó ọba yẹn kì í jọ mí lójú. Ẹ óò máa gba àárín oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, oòrùn á máa pa yín lórí, lójijì ẹ óò wọ abẹ́ igi, ara yín á tù bí ẹni wọ inú omi. Àwọn ìrókò àti àràbà ibẹ̀, ènìyàn mẹ́fà kò lè fọwọ́ yí wọn ká. Ìsàlẹ̀ wọn mọ́, kò sí igbó ṣúúrú, nítorí òjìji igi ńlá kì í jẹ́ kí koríko dàgbà. Orógbó bọ́ sílẹ̀ kiri. Àwọn ẹdun ń wò wá láti òkè bí àwọn onílé ṣe ń wo àlejò. Ìyá jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń nawọ́ sí igi lọ́tùn-ún lósì: "Abẹ́ èyí ni wọ́n ti ń pín ẹran. Abẹ́ èyí ni mo ti já eyín." Ojú rẹ̀ ń tàn.

Ìgbà tí a dé etí yàrà ni ojú náà yí padà.

Afárá ibẹ̀, ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀. Níbi afárá yìí, bèbè ti ya wọ inú yàrà, nítorí náà kò jìn mọ́ bíi ti ibòmíràn, ṣùgbọ́n òjò òru ti da omi pupa kún un. Ìtì igi náà ti hu ewédò, ó ń dán. Baba àgbà kan tó ń ṣọ́ yàrà jókòó sórí gbòǹgbò igi lápá kejì, ó ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ ààfin tó bá ń kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìtì pèrègún kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, wọ́n ti gé e sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n gé e dè.

Àwọn ọ̀dọ́ sáré kọjá. Ìyá Kékeré ní òun ló kàn, ó fẹ́ fi ya Ìyá lẹ́nu. Kò tíì rìn jìnnà lórí ìtì náà tó fi lóṣòó, ó gbá igi mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ gbà mí! Igi yìí ń mì!"

Ọkọ mi ní, "Igi kò mì, Ìyá Kékeré. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mì."

"Èyíkéyìí tó bá ń mì, ẹ wá gbé mi! Èmi kì í ṣe ọmọ ààfin, ẹ pọ̀n mí jàre!"

Ọkọ mi lọ pọ̀n ọ́n kọjá, ó sì padà sápá ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni àbúrò ọkọ mi ti ṣẹ́jú sí àwọn tó gbé àga. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé Ìyá sún mọ́ afárá, ẹni tó wà níwájú ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ìtì igi.

Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá a léjìká.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ṣé mo ti kú lójú yín ni?"

Wọ́n sọ̀ ọ́. Àbúrò ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Òjò ló fà á. Bí a bá yára gbé yín kọjá, ta ló máa bínú?"

Baba tó ń ṣọ́ yàrà dáhùn láti òdìkejì. Kò gbóhùn sókè. "Èmi kò ní bínú, ọmọ mi. Màá kàn ní kí wọ́n lọ gbin pèrègún yìí ni."

Ìyá dìde. Ó di ìgbálẹ̀ mọ́ abíyá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtì igi. Ẹsẹ̀ náà yọ̀ lọ́gán. Mo ti di aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn, n kò jẹ́ kó ṣubú. Ó tún gbé e lé e. Ó tún yọ̀. Ó dúró. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Kò yíjú padà, nítorí kò fẹ́ kí a rí ojú òun.

Èmi kì í ronú kíákíá. Bí mo ṣe rí nìyẹn, láti kékeré. Ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí igi tó ń yọ̀ yẹn, ohun tí mo sì rí ni ẹkù. Ẹsẹ̀ yẹn ti dúró lórí ohun tó yọ̀ jù báyìí lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ọwọ́ ni kò rí nǹkan dì mú.

Mo ní, "Ẹ tú ọparun abẹ́ àga yẹn."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Aya wa, bí a bá tú u, kí la máa fi gbé Ìyá padà sílé?"

"Bí wọn kò bá wọ ààfin lónìí, kò sí ohun tí wọ́n ń padà sílé lọ ṣe. Ẹ tú u."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ mi ti bọ́ igbà kúrò léjìká, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọparun náà. Wọ́n fi ẹnu ọparun méjèèjì léra, wọ́n fi igbà dì í gbagbaagba. Wọ́n so orí kan mọ́ igi lápá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n so ìkejì mọ́ igi lápá kejì, ní ọ̀gangan àyà. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ láàárín, níbi ìdè. Ọkọ mi bá fò sínú yàrà. Omi mù ún dé ìbàdí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi gbé ìdè náà dúró bí òpó tó gbé àjà ilé.

Mo pe Baba òdìkejì. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọparun kò lòdì sí òfin?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni mò ń wò," ó ní. "Mi ò wo ọwọ́."

Mo sún mọ́ Ìyá létí. "Ìyá, ẹ má rìn. Ẹ tẹ ẹyìn."

Ó yí padà wò mí. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ki ìgbálẹ̀ bọ ẹ̀yìn ìró, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi, ó di ọparun mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi ẹ̀gbẹ́ gun ìtì igi. Kò gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó wọ́ ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wọ́ ìkejì tọ̀ ọ́. Èmi náà kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí a ń kọ nínú ẹkù wa:

*Tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀, tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀,*
*epo kì í sá fún ẹni tó dúró.*

Àwọn obìnrin gbè é. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ẹkù nínú wọn. Nígbà tó dé àárín, orúnkún tó wú yẹn yẹ̀. Gbogbo wa ké. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tú. Ó rọ̀ mọ́ ọparun, ọkọ mi nísàlẹ̀ sì ta ọwọ́ le, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó lè fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ bó bá fẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá, mo wà níbí," ó ní.

"Mo mọ̀. Gbé ọparun mi dúró."

Ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́ ọ, tẹ̀ ẹ́. Wọ́ ọ, tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lápá kejì, Baba àgbà yẹn dìde fúnra rẹ̀, ó gbé ìtì pèrègún yẹn, ó sì jù ú sínú omi yàrà. Ariwo tó sọ ká igbó lọ́jọ́ náà, àwọn ẹdun sá lọ.

Ògiri ààfin kò ga mọ́, òjò ti jẹ ẹ́ wálẹ̀ dé ìbàdí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ lè mọ àgbàlá kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyá ò béèrè ọ̀nà. Ó ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró níwájú ìyẹ̀wù kan tí ewé ti bò. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ewé ṣí. Èkùrọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ amọ̀ ní ìlà ní ìlà, ó dúdú, ó ń dán.

"Ìyá mi ló kàn án," ó ní. "Èmi ni mò ń mú èkùrọ́ lé e lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó ní, "Ìyá mi, mo dé o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́."

Mo jẹ́ kó ṣe é tán kí n tó gbé ìgbálẹ̀ tèmi. A gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, a sì jókòó lórí ògiri, a jẹ púpurú àti ẹja. Ìyá Kékeré wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra na ọwọ́ sí ẹja rẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹ dákun, àpò gàrí ta ni wọ́n pọ̀n kọjá lónìí?"

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí n jẹun."

"Mo kàn ń béèrè ni. Bóyá olówó rẹ̀ ń wá a."

Bó ṣe lọ náà ló ṣe padà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọparun, ọmọ rẹ̀ nínú omi. Nígbà tó dé apá ọ̀dọ̀ wa, ó wo àga àwọ̀ ewé tó wà nílẹ̀. "Ẹ so ọparun yẹn padà mọ́ ọn," ó ní. "Mo ti wọlé, mo ti jáde. Ẹ lè gbé mi wàyí. Ìgbà tí a ń bọ̀, aláìsàn lẹ gbé. Ọmọ ọba lẹ ń gbé báyìí." Orin ẹkù la kọ wọ ìlú. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì ń béèrè pé ṣé ìyàwó la lọ gbé ni.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn. Mo tú ọparun kúrò lábẹ́ àga, mo yan èyí tó gún jù, mo gbé e lọ sí ẹkù. Kòkòrò ti jẹ ti àtijọ́ ibẹ̀, ó ti ń ké bí a bá dì í mú. Mo so tuntun yìí ró, mo fi gbogbo agbára rọ̀ mọ́ ọn láti dán an wò. Kò mì. Mo da ẹyìn sínú ẹkù. Bí mo ṣe ń ká ìró mi sókè kí n tó wọ inú rẹ̀, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn mi, kò kánjú.

"Ìyàwó," Ìyá ní, "sún síwájú díẹ̀. Ọparun mi nìyẹn."